Ṣùgbọ́n Ọlọ́run Ló Dá Mi

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mò ń máàkì ìwé ìdánwò bàọ́lọ́jì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, mo kan ìwé ọmọbìnrin kan tó dáhùn ìbéèrè dáadáa lórí ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé àwọn ẹ̀dá alààyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Ó ṣàlàyé èrò Lamarck pé nínà tí àgùnfọn ń na ọrùn ló mú kó gùn, ó sọ ibi tí èrò náà ti kùnà, ó sì ṣàlàyé ohun tí Darwin pè ní àṣàyàn àdánidá, pé àwọn ẹ̀dá tó bá ibi tí wọ́n ń gbé mu jù ló ń yè tí wọ́n sì ń bímọ jù, láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn náà, ó sì kọ gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìdáhùn, Yorùbá ló fi kọ èyí: "Mo kọ ọ́ nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá mi."

Mo fún un ní gbogbo máàkì tó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo gbé bírò pupa dúró lórí gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́, n kò sì rí nǹkan kan kọ sí i. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa. Ohun tí ọmọ náà kọ sí abẹ́ ìlà, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó kọ sí òkè ìlà, mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gún mi lọ́kàn ni "ṣùgbọ́n" tó fi pààlà sáàárín àwọn méjèèjì, bí ẹni pé ẹni tó bá dúró sí apá kan ti kọ apá kejì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn tó yẹ kí n kọ sábẹ́ ìwé rẹ̀.

Bí Yorùbá kan bá ní Ọlọ́run ló dá òun, kò fi ìyẹn sẹ́ pé ìyá àti bàbá ló bí òun, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò ní kó yan ọ̀kan nínú méjì. Aboyún tó lọ ṣe sikáànì, tí wọ́n fi ọmọ inú rẹ̀ hàn án lójú ẹ̀rọ, a máa jáde tòun ti ọpẹ́ lẹ́nu, a ní Ẹlẹ́dàá mọ iṣẹ́ rẹ̀ í ṣe. Àwọn dókítà sì ti mọ ọ̀nà tí ọmọ náà gbà dé ibẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, tó pín sí méjì, tó pín sí mẹ́rin, títí ọkàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù, títí ohun tó dà bí èéhù fi di apá àti ẹsẹ̀, títí àwọn ìka fi yà kúrò lára ọwọ́ tó ti wà ní pẹlẹbẹ. Ènìyàn lè ṣàlàyé gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdárúkọ Ọlọ́run, bí ìwé bàọ́lọ́jì sì ti ń ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀ n kò tíì rí Kristẹni kan tó dìde nínú ìjọ láti sọ pé ẹ̀kọ́ nípa oyún ń ba ìgbàgbọ́ nínú Ẹlẹ́dàá jẹ́. Bí Ọlọ́run bá fi oṣù mẹ́sàn-án dá mi nínú ìyá mi, tí a sì ń pe ìyẹn ní dídá láìṣe pé à ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, n kò rí ìdí tí kò fi lè fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún dá ìran ènìyàn, kí iṣẹ́ náà sì máa jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀.

Bíbélì tí a ń kà kò há ọ̀rọ̀ yìí mọ́ bí àwa ti ń há a mọ́. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Gẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lò. Ní orí kìíní, Ọlọ́run "dá" ọ̀run òun ayé. Ní orí kejì, ó fi erùpẹ̀ ilẹ̀ "mọ" ènìyàn. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ni mímọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin rí mọ̀ pé wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi ọwọ́ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó ronú kan iná. Kò sí ẹni tí yóò rí ìkòkò tó ti jiná tán, tí yóò ní nítorí pé iṣẹ́ náà pẹ́, kò ní ẹni tó mọ ọ́n.

Ibi tó wá wọ̀ mí lára jù wà ní orí kìíní, ní ẹsẹ ìkẹrìnlélógún àti ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ẹsẹ àkọ́kọ́, Ọlọ́run yíjú sí ilẹ̀, ó sì pàṣẹ fún un: kí ilẹ̀ kí ó mú ẹ̀dá alààyè jáde wá. Ilẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Ní ẹsẹ kejì, kò sí ẹni tó sọ pé ilẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tí a kà ni pé Ọlọ́run sì dá ẹranko ilẹ̀. Mo ti ka ẹsẹ méjèèjì yìí láìmọye ìgbà láti ìgbà èwe mi kí n tó kíyè sí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn. Ẹni tó kọ Gẹ́nẹ́sísì ní ilẹ̀ mú wọn jáde, Ọlọ́run sì dá wọn. "Sì" ló fi so wọ́n. Kò fi "ṣùgbọ́n" sí i.

Èdè wa náà ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé e lórí. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá fẹ́ sọ pé ó wá láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, "àdánidá" ni a ń pè é. Ìwà tí ọmọ bá bá wáyé láti ara àwọn òbí rẹ̀, "àbùdá" ni. "Dá" wà nínú méjèèjì. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí àṣàyàn àdánidá jẹ́, ahọ́n mi ti dárúkọ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá kí èmi fúnra mi tó ronú kàn án.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni ìjọ ti ń ka ọjọ́ mẹ́fà Gẹ́nẹ́sísì sí ọjọ́ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún, àfi ìgbà tí Darwin dé tí àwọn olóye kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Origen, olùkọ́ kan nínú ìjọ àtijọ́, ọmọ Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ti béèrè ní ọ̀rúndún kẹta bí ọjọ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta ṣe lè wà, pẹ̀lú alẹ́ àti òwúrọ̀ wọn, nígbà tí oòrùn àti òṣùpá kò tíì sí. Bíṣọ́ọ̀bù Augustine, tí wọ́n bí ní 354 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùgẹ́ríà lónìí, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí orí mẹ́ta àkọ́kọ́ Gẹ́nẹ́sísì. Ibi tó bá a dé ni pé ọjọ́ mẹ́fà náà kì í ṣe irú ọjọ́ tí a mọ̀, àti pé Ọlọ́run fi ohun kan tó dà bí irúgbìn sínú ẹ̀dá ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí yóò máa hù jáde bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Augustine kọ́ ló dá ẹfolúṣọ̀n sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ pé ohun ìtìjú ni kí aláìgbàgbọ́ gbọ́ kí Kristẹni máa fi Ìwé Mímọ́ gbé ọ̀rọ̀ àìmọ̀ lẹ́sẹ̀ nípa ilẹ̀, ìràwọ̀ àti ẹranko, nítorí báwo ni onítọ̀hún yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ àjíǹde gbọ́ láti ẹnu ẹni tó ti gbọ́ tó ń ṣi ohun tí ojú rí sọ? Ọmọ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ìgbà tí ìwé Darwin jáde ní 1859.

Nígbà tí ìwé náà jáde, kì í ṣe gbogbo Kristẹni ló bá a jà. Asa Gray, onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Harvard, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Presbyterian, ló gbè é lẹ́yìn jù ní Amẹ́ríkà. Darwin fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ẹnìkan ní 1879 pé kò bọ́gbọ́n mu láti ṣiyèméjì pé ènìyàn lè fi gbogbo ọkàn gba Ọlọ́run gbọ́ kó sì gba ẹfolúṣọ̀n, ó sì dárúkọ Gray gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nígbà tí Darwin kú ní 1882, inú ilé Ọlọ́run, ní Westminster Abbey, ni wọ́n sin ín sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Kódà ní 1925, nígbà tí wọ́n gbé olùkọ́ kan lọ sí kóòtù ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Tennessee nítorí pé ó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹfolúṣọ̀n, William Jennings Bryan, tó dúró fún àwọn tó kọ ẹ̀kọ́ náà, gbà níwájú gbogbo ènìyàn pé àwọn ọjọ́ Gẹ́nẹ́sísì lè jẹ́ sáà gígùn. Ìwé tí ará Amẹ́ríkà méjì, John Whitcomb àti Henry Morris, kọ jáde ní 1961 ló sọ ọ́ di ohun tó gbòde láàárín àwọn ajíhìnrere pé ayé kò lè ju ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ lọ. Èyí ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ ọ láti orí pẹpẹ wa bí ẹni pé ìgbàgbọ́ àwọn bàbá ìjọ ni. Ẹrù àwọn ẹlòmíràn ni, àárín ogóje ọdún tí Bíbélì wa ti wà ni wọ́n sì dì í, tí wọ́n wá gbé e lé àwọn ọmọ wa lórí.

Ohun tí mo sì máa ń gbọ́ láti orí pẹpẹ kan náà ni ìbéèrè pé, "Ṣé ọ̀bọ ni bàbá ńlá tìrẹ?" Ìjọ a sì hó. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, nítorí n kò fẹ́ fa wàhálà nínú ilé Ọlọ́run, ó sì yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ṣáájú àkókò yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́ ló bí mi. Bàbá àgbà kan náà ló bí àwọn tó bí wa. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ ṣe sọ pé ìnàkí tó wà nínú igbó lónìí kọ́ ló bí ènìyàn, pé àwa àti àwọn ẹranko náà ní bàbá ńlá kan tó ti kú ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àmì rẹ̀ sì wà lára wa. Ewúrẹ́ ń ṣe fítámìn C fúnra rẹ̀ nínú ara, ajá náà ń ṣe é. Àwa ènìyàn kò lè ṣe é, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa jẹ èso. Àkọsílẹ̀ tí ara fi ń ṣe fítámìn náà wà síbẹ̀ nínú DNA wa, ìyẹn ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Ọ̀bọ àti ìnàkí náà ní in, tiwọn náà sì ti bàjẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá kọ ìdáhùn kan náà tí ó tọ̀nà, n kò lè fura sí wọn. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ ní ìlà kan náà, mo mọ̀ pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ti wò ó.

Mo lè dúró lórí àwọn àpẹẹrẹ báyìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ihò Eléérú wà nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965, ẹni tó ti kú láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá. Ìrísí agbárí rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀, tí kò fi jọ ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ihò ni èmi ti pàdé ẹfolúṣọ̀n. Inú ilé wa ni.

Ìjọ wa, bí ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìkọ́kọ́ rí èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù àwọn méjèèjì. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba èsì náà. Mo ti rí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta fẹ́ra, tí wọ́n jókòó níwájú wa pẹ̀lú ìwé méjì tí a kọ AS sí lórí, tí a sì ní láti sọ fún wọn pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ni pé yóò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí ẹkún tó dà bí ẹkún inú yàrá yẹn. Bàbá àti ìyá mi fẹ́ra ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. AS ni àwọn méjèèjì. Ọmọ méjì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi, ìyá àgbà sì ní àbíkú ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ pé kó dúró. Ó dúró fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú fòníkú-fọ̀ladìde mọ ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀: lónìí ọmọ náà ń bá ọ ṣeré, lóru egungun rẹ̀ ń pariwo, lọ́la ó tún dìde, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀wà.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara wa ni ẹ̀wọ̀n kan wà tó ní ègé 146. Lára àwọn tó ní S, ègé kẹfà nìkan ló yàtọ̀, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú àkọsílẹ̀ DNA. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kúrò lára rẹ̀, àwọn ẹ̀wọ̀n náà á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí iṣan tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Lẹ́tà kan ni. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́rin ló ní S kan lára.

Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì béèrè ni pé, kí ló dé tí ohun tó ń pa ọmọ kò fi tán nílẹ̀? Anthony Allison, dókítà tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, fi ìdáhùn rẹ̀ hàn ní 1954. Ọmọ tó jẹ́ AS kì í sábà kú nínú ọwọ́ ibà, nítorí kòkòrò ibà kì í rọ́wọ́ mú dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ewu ibà líle dín kù fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ibà ń mú lára àwọn ọmọ AA, tí kò ní S rárá, lọ, fòníkú-fọ̀ladìde ń mú àwọn SS lọ, àwọn AS ló ń dàgbà jù tí wọ́n sì ń bímọ. Frank Livingstone wá sọ ní 1958 pé iṣẹ́ àgbẹ̀ àwọn bàbá wa wà nídìí rẹ̀: nígbà tí wọ́n ṣán igbó láti gbin iṣu, omi dúró nínú oòrùn, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà sì rí ibi yé ẹyin sí, lẹ́bàá abúlé tí ènìyàn ti pọ̀. Ní 2018, Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Daniel Shriner, fi DNA tọpa S náà padà sẹ́yìn. Ibi tí ìwádìí wọn já sí ni pé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ní Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Láàárín àwọn ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ tí ibà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́tàlá ló kù tó ní in.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni ẹfolúṣọ̀n: àyípadà kékeré kan nínú àbùdá, ayé tó gba àwọn kan láyè ju àwọn mìíràn lọ, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran. Àwọn kan yóò ní àyípadà kékeré kọ́ làwọn ń bá jà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ tó ń béèrè jẹ́nótáìpù kó tó so ènìyàn pọ̀ ti gbà pé àbùdá ń lọ láti ìran dé ìran lọ́nà tí a lè ṣírò, kò sì ka ìyẹn sí àìnígbàgbọ́. Ọgbọ́n àti ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ Ádámù le. Pọ́ọ̀lù ní ipa ọ̀dọ̀ ènìyàn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ fi wọ ayé, àti ikú nípa ẹ̀ṣẹ̀. DNA sì ń fi hàn pé àwọn bàbá ńlá wa kò fi ìgbà kan dín kù sí ènìyàn méjì péré láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún tí a lè tọpa. Póòpù Pius Kejìlá, nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní 1950 kí àwọn Kátólíìkì máa wádìí bí ara ènìyàn ṣe wáyé, kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan Ádámù. John Paul Kejì sọ ní 1996 pé ẹfolúṣọ̀n ti ju àbá lásán lọ, síbẹ̀ ó di ọ̀rọ̀ ọkàn ènìyàn mú ṣinṣin. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí Yorùbá tètè lóye ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ. Gbogbo wa ń jẹ́ ọmọ Odùduwà. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá Odùduwà nílẹ̀ ní Ifẹ̀ ń jẹ́ ọmọ Odùduwà, ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ wá láti Tápà tó sì tẹ̀dó sí Ọ̀yọ́ ń jẹ́ ọmọ Odùduwà, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀, nítorí olórí ìdílé ló ń dúró fún ìdílé. Bó bá ṣẹ̀, ilé ló ṣẹ̀, bó bá mulẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkan, gbogbo ilé ló mulẹ̀. Mo gbà pé Ádámù jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run kọ́kọ́ pè, tó sì fi ṣe olórí, tó sì já àdéhùn náà ní orúkọ gbogbo wa. Pọ́ọ̀lù kan náà ló pe Jésù ní Ádámù ìkẹyìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí Jésù bí nípa ti ara.

Ohun kan wà tó tún le ju ti Ádámù lọ. Ọmọ Darwin, Annie, kú ní 1851, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní 1860, Darwin kọ̀wé sí Asa Gray pé òun kò lè gbà pé Ọlọ́run aláàánú ló mọ̀ọ́mọ̀ dá agbọ́n kan tó ń fi ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò mìíràn láàyè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa jẹ ẹ́ láti inú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ló ń dà á láàmú. Ìrora ni. Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí S bá jẹ́ ègún lásán, ǹ bá mọ ibi tí màá gbé e sí. Ṣùgbọ́n AS ni èmi. Ibà kọlù mí lọ́pọ̀ ìgbà ní kékeré, mo sì yè é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ohun náà gan-an tó pa àbúrò mi. Bàbá kan, ìyá kan, lẹ́tà kan. Ohun tó dì mí mú láyé ló lé e kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan nínú ìjọ tù mí nínú nígbà náà pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló mú àìsàn wá. N kò bínú sí wọn. Síbẹ̀ kò sí ohun tó ràn mí lọ́wọ́ tó ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù ní orí kẹjọ, pé gbogbo ẹ̀dá ni ó jùmọ̀ ń kérora, tí ó sì ń rọbí pọ̀ títí di ìsinsìnyí. Kò ní ẹ̀dá ń kú lọ. Ó ní ó ń rọbí. Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò tíì parí, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì lè rí ojú ọmọ. Mo gbà pé Ọlọ́run wà nínú yàrá ìrọbí náà pẹ̀lú ẹ̀dá rẹ̀, nítorí mo gbà pé òun fúnra rẹ̀ wọ inú ẹran ara tí a fi ìrora mọ yìí, tó sì kú nínú rẹ̀. Èyí kò dáhùn ìbéèrè àbúrò mi, n kò sì tíì dákẹ́ bíbi Ọlọ́run léèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ tipẹ́. Ká ní ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá fa ìlà sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbólóhùn rẹ̀, màá sì kọ "sì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ọlọ́run ló sì dá mi. Nígbà tó bá kàn mí láti ka Sáàmù nínú ìsìn, tó sì bọ́ sí ìkọkàndínlógóje, mo máa ń kà á láìdúró títí mo fi dé ẹsẹ kẹrìnlá, níbi tí Crowther ti kọ ọ́ pé tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá mi. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn tẹ̀rù-tẹ̀rù. Àwọn tó wà lórí ìjókòó rò pé ojú ló ń dùn mí. Lẹ́yìn náà mo máa ń ka ìyókù.